Àǹtí Mobọ́lá, Oníwèé Gọ́ọ̀fù ní Sábó

Ìtàn tí gbogbo Sábó mọ̀ jù nípa Àǹtí Mobọ́lá ni ti ọjọ́ tó fún Olóyè Ọláolú ní ìwé ọmọdé. Olóyè wá láti Surulere pẹ̀lú dírẹ́bà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré náà, ó sì béèrè ìwé gọ́ọ̀fù tí wọ́n kọ fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gbá dáadáa. Àǹtí Mobọ́lá ò dìde. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi wọ̀, ó wá wo Olóyè láti orí fìlà dé ìdí bàtà.

"Ta lẹ fẹ́ rà á fún, sà?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ìgbà wo lẹ ti ń gbá a?"

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá."

"Hùn-ùn," Àǹtí Mobọ́lá wí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò sí ire nínú hùn-ùn yẹn.

Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú agboòrùn dúdú kan jáde, ó ní kí Olóyè fi gbá bọ́ọ̀lù kan kí òun rí i. Olóyè ní bọ́ọ̀lù dà? Ó ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé ọ̀kan wà nílẹ̀. Olóyè wo dírẹ́bà rẹ̀, dírẹ́bà ń wo òkè àjà. Ni Olóyè bá ká apá agbádá sókè, ó fi agboòrùn náà fì. Ó gbá fáànù orí tábìlì ṣubú, fìlà rẹ̀ sì fò jáde sí ẹnu ọ̀nà.

Àǹtí Mobọ́lá gbé fáànù nàró. Ó lọ sídìí pákó ìwé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó mú ìwé kan tí wọ́n ya ọ̀bọ sí lẹ́yìn, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni.

"Ibí lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, sà. Èyí tẹ́ ẹ béèrè yẹn, mi ò lè tà á fún yín."

"Màdáámù, mo lè ra gbogbo ṣọ́ọ̀bù yìí o."

"Ìyẹn gan-an ló ń fu mí lára, sà."

Olóyè bínú jáde. Dírẹ́bà dúró díẹ̀ sẹ́yìn, ó rọra ra ìwé ọ̀bọ náà, ó fi sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun nìkan ló padà wá, ó ní ọ̀gá òun ní kí òun béèrè bóyá ọ̀bọ yẹn ní apá kejì.

Bí obìnrin tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí ṣe di oníwèé gọ́ọ̀fù, ìfura ló fà á. Kó tó fẹ̀yìn tì, akọ̀wé ló jẹ́ fún ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Dennis ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Yaba. Ní gbogbo Ọjọ́rú, tí aago méjì bá ti lù, Ọ̀gbẹ́ni Dennis á ní òun ń lọ sí ìpàdé. Tó bá dé lọ́jọ́ kejì, oòrùn á ti jó o lọ́rùn, koríko á sì wà lára bàtà rẹ̀. Àǹtí Mobọ́lá kọ́kọ́ rò pé obìnrin ni. Ó tún rò ó, ó ní obìnrin wo ló máa ń gbé inú koríko?

Ní Ọjọ́rú kan, ó wọ takisí tẹ̀lé e. Ó bá a ní pápá gọ́ọ̀fù, òun àti àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan kiri. Wọ́n ṣe wàhálà títí tó fi wọnú ihò. Bó ṣe wọ ihò báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún ń gbé e lọ síbòmíràn. Àǹtí Mobọ́lá dúró síbi igi kan, ó wò wọ́n fún wákàtí kan. Ó dá a lójú pé àwọn tó kàwé tó báyìí ò lè máa ṣe irú nǹkan yẹn lásán. Nǹkan kan ní láti wà nídìí ẹ̀.

Ló bá lọ ra ìwé gọ́ọ̀fù àlòkù kan ní Ọ̀yìngbò láti fi wádìí. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ra òmíràn. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ó ti ka ìwé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, kò sì tíì rí àṣírí náà.

Àwọn ìwé yẹn ló kó sí ṣọ́ọ̀bù ní Sábó. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní kó ta ìwé àdúrà, tàbí ìwé ìdánwò, ó kọ̀. Moyọ̀sọ́lá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó máa ń bá a to ìwé, bi í pé ta ló fẹ́ wá ra ìwé gọ́ọ̀fù ní Sábó. Ó ní, "Àwọn tí wọn ò fẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ wọn mọ̀ pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá." Lóòótọ́, wọ́n ń wá. Awò dúdú ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wọ̀ wọlé.

Kò gba àwọn òǹkọ̀wé pàápàá gbọ́. Tó bá rí i lẹ́yìn ìwé pé ó wà fún tọmọdé tàgbà, fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, á mú bírò, á fagi lé e. Á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Irọ́. Ti ẹni tí orúnkún ń dùn ni." Ara àwọn pákó ìwé rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nǹkan sí i: Ọmọdé. Àgbà Tó Ń Gbọ́rọ̀. Àgbà Tí Kì í Gbọ́rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló kún jù.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan wọlé tó fi ọwọ́ ọ̀tún sínú àpò. Alàájì Abdussalam ni, aránṣọ ní Mushin. Láyé ọjọ́un, ó máa ń rán ṣòkòtò fáwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní eré náà, tó sì wá ń borí àwọn tó kọ́ ọ. Àǹtí Mobọ́lá ò tíì mọ gbogbo ìyẹn. Ó kàn rí i pé ọwọ́ yẹn ò kúrò nínú àpò.

"Àna mi ló ní kí n bá òun ra ìwé gọ́ọ̀fù," Alàájì wí.

"Ọwọ́ wo ni àna yín fi ń gbá a?"

"Ọ̀tún."

"Ó ṣì ń lò ó?"

Alàájì yíjú sí pákó ìwé.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò nínú àpò."

Ó fi ọwọ́ òsì fa ti ọ̀tún jáde, ó gbé e lé orí tábìlì bí ẹrù ẹlẹ́rù. Ó ní àìsàn rọpárọsẹ̀ ni, ó ti tó ọdún kan. Ó ní ọsibítù Ìdí-Àràbà lòun ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń bá òun na ọwọ́ náà. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Àǹtí. Gọ́ọ̀fù mi ti parí. Mo kàn fẹ́ máa ka ìwé ẹ̀ ni, bí ẹni tó ń wo fọ́tò."

"Ta ló ní ó ti parí? Ṣé dókítà ni?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ kà á nínú ìwé ni?"

"Rárá."

"A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ojú tó fi wo Olóyè Ọláolú lọ́jọ́sí ló fi wo Alàájì. Ó mú ìwé kan wá tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń fi ọwọ́ kan gbá gọ́ọ̀fù. Alàájì nawọ́ sí i, Àǹtí fà á sẹ́yìn.

"Mi ò tà á. Tí mo bá tà á fún yín, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ máa fi sí. Ẹ máa wá kà á níbí ní Ọjọ́bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ti gbogbo Ọjọ́bọ̀. Alàájì á ka ojú ìwé méjì, á dìde, á fi ọwọ́ òsì gbé agboòrùn fì. Àǹtí Mobọ́lá á jókòó, á máa fojú fura wò ó. "Èjìká yín ń parọ́," á wí. "Ẹsẹ̀ yẹn náà, kò sóòótọ́ lára ẹ̀." Ó tó oṣù mẹ́jọ kó tó gbé bọ́ọ̀lù gidi kalẹ̀ fún un lórí ẹní. Bọ́ọ̀lù náà fò jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ré títì kọjá, ó sì lu pátákó ṣọ́ọ̀bù Jude onígbàjámọ̀. Jude jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó béèrè ta ló ń sọ òkúta.

"Kì í ṣe òkúta," Àǹtí Mobọ́lá wí. "Ọwọ́ òsì Alàájì ni."

Nígbà tí Alàájì padà sí pápá, ó bẹ Àǹtí Mobọ́lá kó wá wo òun. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ lọ. Ó fẹsẹ̀ tẹ koríko náà wò bóyá gidi ni. Wọ́n ní kí òun náà gbá ẹyọ kan. Ó dúró ti bọ́ọ̀lù náà pẹ́ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè bóyá ó ń gbàdúrà ni. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yí díẹ̀, kò kúrò níbi òjìji rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Bọ́ọ̀lù yìí ti gbọ́ nípa mi," ó wí, ó sì lọ jókòó.

Ọdún tó kọjá, nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ọkàn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, ó ní wọ́n á dá a sílẹ̀ ní Sátidé.

"Sátidé ti ọ̀sẹ̀ wo, dókítà?"

Dókítà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Mobọ́lá rọra fọwọ́ bà á léjìká. "Ẹ ṣeun," ó wí. "Ẹ ò mọ irọ́ ọ́ pa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín." Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn kóra jọ sílé Moyọ̀sọ́lá. Olóyè Ọláolú fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn agboòrùn, ó dìde fi bó ṣe gbá fáànù ṣubú hàn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bi Alàájì Abdussalam, tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pé kí ni Àǹtí ṣe fún un gan-an, tó fi tún lè gbá gọ́ọ̀fù.

Alàájì fi ọwọ́ òsì gbé ti ọ̀tún lé itan.

"Ọdún tí ọwọ́ mi rọ," ó wí, "mo ní gọ́ọ̀fù mi ti parí, gbogbo èèyàn ló ń bá mi kẹ́dùn. Òun nìkan ló ní irọ́ ni mò ń pa."