Páàdì Bíréèkì Tó Ń Bá Ṣáínà Ṣọdún

Mo rántí ìgbà tí mo ń ta páàdì bíréèkì ní Tina Junction ní Jos, tí ẹnu mi kì í sinmi: "Jámánì nìyí! Ojúlówó ni!" Àfi bí ẹni pé mo ti dé Jámánì rí. Ẹni tó ń kó ọjà náà wọlé fún mi jẹ́ ará Èkìtì bíi tiwa, òun ló sì ṣe alárinà èmi àti ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n là ń pè é. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Jos lọ sí Àbújá, ọ̀nà rẹ̀ sì gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Hawan Kibo, níbi tí ẹ̀mí èèyàn ti wà lọ́wọ́ bíréèkì.

Gbogbo àwa tá a ń tajà ní ọ̀nà yẹn la mọ ìrìn ọjà òkè òkun. Ti Dùbáì kì í pẹ́ dé. Ti Jámánì máa ń fara balẹ̀ díẹ̀. Ti Ṣáínà ló ń pẹ́ jù lórí omi, bí ọdún ìbílẹ̀ wọn bá sì dé, ilé iṣẹ́ wọn á tilẹ̀kùn, oníṣòwò á wá máa wojú Ọlọ́run. Ìyá tó ń ta fáànù Ṣáínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, "Wọ́n ti lọ ṣọdún o. Sai haƙuri, àfi ká ṣe sùúrù."

Lọ́dún kan, fáànù rẹ̀ pẹ́, páàdì mi náà pẹ́. Mi ò kà á sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bákan náà ló rí: fáànù dé lónìí, Jámánì tèmi dé lọ́la. Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Ominú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Jámánì náà ń bá Ṣáínà ṣọdún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ta ló mọ ìwà òkun?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó gbé páàdì tuntun wá fún ọkọ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kì í dín kọ́bọ̀ kù fún mi! Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń dúpẹ́, ó ti ń wá mẹkáníìkì tí yóò bá a fi sí bọ́ọ̀sì kó tó lọ sí Àbújá. Nígbà tí mo ní kó má lò ó, ó gbaná jẹ: "Alárinà wa lò ń fura sí? Haba!"

Mo gba páàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ilé Ẹ̀gbọ́n ní Nasarawa Gwong. Ọkọ mi ń tẹ̀ lé mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má dójú ti òun. Bọ́ọ̀sì Ẹ̀gbọ́n wà lójúde. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí ìbínú ò ní ká gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi èyí sí mọ́tò tiyín, kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo lẹ́ẹ̀kan."

Ó yí páàdì náà síwá sẹ́yìn. "Mọ́tò tèmi kì í lo irú èyí," ló wí.

Ọkọ mi wo bọ́ọ̀sì náà. Irú kan náà ni wọ́n ń wà. Àwọn méjèèjì ló jọ lọ rà wọ́n. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, a sì lọ sílé.

Ìfura loògùn àgbà. Mi ò polówó Jámánì mọ́. Títí di òní, mi ò rí ẹ̀rí pé páàdì yẹn burú, Ẹ̀gbọ́n kò sì yà sílé wa mọ́. Ó dùn mí, torí òun ló so wá pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá ti ọ̀nà Àbújá dé, tó ń ráhùn pé ọbẹ̀ ti tutù, màá dúpẹ́ nínú mi, màá sì gbé e padà sórí iná.