Wáyà Tó Tú Àṣírí Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́

Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti wà ní yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìgò kan ṣoṣo ló tíì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn oníwèé ń sá fún, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Ó ń fi rọ́bà olómi kun orí wáyà tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, kó lè gbẹ di awọ fẹ́lẹ́. Inú awọ yẹn ni èròjà tó ń dá ṣúgà mọ̀ ń gbé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án, iná mànàmáná díẹ̀ á gba inú wáyà kọjá, ẹ̀rọ á sì sọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó.

Àmọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, awọ náà ń sán, ó ń ṣí kúrò bí èépá. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, ti pààrọ̀ rọ́bà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ ló kíyè sí i pé èyí tó wà nítòsí fáànù ló ń sán jù. Ó kun mẹ́fà, ó fi abọ́ gíláàsì dé wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kankan nínú wọn ò sán.

"Àǹtí, ta ló kọ́ yín?" ni ọ̀gá bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Bí mo ṣe ń kun èékánná ọmọ mi náà ni. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i jù, kì í jọ̀lọ̀."

Ó ku kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn dán an wò. Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ na ìka. Ọ̀gá wo ẹ̀rọ, ó tún un wò: ṣúgà ti pọ̀ jù.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Omi nìkan. Mo gbàgbé oúnjẹ mi sílé."

Ọ̀gá rò pé wáyà ló tún bàjẹ́. Ó gún ìka tirẹ̀, èsì rẹ̀ dára. Wọ́n bá mú Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ lọ sílé ìwòsàn, èsì ibẹ̀ sì bá ti wáyà mu rẹ́gí: àtọ̀gbẹ ni. Ọ̀gá ò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ pé wáyà ṣiṣẹ́ tàbí kóun tù ú nínú. Ó kàn dì í lọ́wọ́ mú.

Nílé, ọkọ Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ tán.

"Gbogbo ọdún tí mo ti ń sọ pé o dùn," ló wí, "ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wádìí ẹ̀ lo wá gbà?"

Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó lọ gbé agolo ṣúgà kúrò lórí tábìlì.

Oògùn méjì ni Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ ń lò lóòjọ́ báyìí. Ẹsẹ̀ tó ti ń ta á tipẹ́, tó rò pé àárẹ̀ ìdúró ni, àṣé ṣúgà ló ń fà á, ti ń rọlẹ̀.