Àyè Òfìfo Tí Mo Sanwó Rẹ̀: Bí Mo Ṣe Lọ Ra Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi ní Dubai àti Sharjah

Ohun tí a pàdánù kò tóbi. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kan ni, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù máa ń so mọ́. Kò fẹ̀ ju ìwé àjákọ tí a ṣí sílẹ̀ lọ. Tuntun ni, dírámù 290, owó ilẹ̀ Dubai, ni a rà á. Àbúrò mi ló fi owó ibùsùn rẹ̀ rà á fún ọmọ mi, àwọn tí a sanwó fún láti gbé e wálé sì bà á jẹ́ kí ọmọ náà tó fojú kàn án. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìrìn àjò yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Tèmítáyọ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo tí a ń pè ní Tèmi, wà ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní politẹ́kíníìkì, ó ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé. Ilé ìgbẹ̀bí kan ni iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yà á lórí kọ̀ǹpútà tó lágbára. Kò ní. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló máa ń yá a ní tirẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀rẹ́ náà bá lọ sí ìsìn. Bí ìsìn bá ti parí, iṣẹ́ Tèmi náà parí nìyẹn. Òun nìkan ni ọmọ tí mo mọ̀ tó ń gbàdúrà kí ìwàásù gùn.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò tán lọ́jà kọjá agbára wa. Odidi ọdún kan ni èmi àti òun fi jókòó ti fóònù mi, tí a ń kọ́ bí ènìyàn ṣe lè ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kí ó sì tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí àbúrò mi Gbénró, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dubai, fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pé kí n wá kí òun lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn, Tèmi ya ojú ìwé náà, ó ká a, ó fi í sínú àpò àyà mi.

"Dádì, bí wọ́n bá ní àwọn ní èyí tó dára ju èyí tí mo kọ lọ, ẹ má dá wọn lóhùn."

"Bó bá wá dára jù lóòótọ́ ńkọ́?"

"Àpò yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo gbéra ní Òṣogbo. Láti Gbọ̀ngán títí dé Ìbàdàn, awakọ̀ wa ń ti kòtò kan yà fún òmíràn; wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ la fi dé Èkó. Nígbà tí mo balẹ̀ ní Dubai, tí mo wo títì tó lọ gbọọrọ láìsí kòtò kan, inú mi kò dùn tó bí mo ṣe rò. Ìbéèrè kan ló ń yí lọ́kàn mi: ta ló sọ pé kí tiwa má rí báyìí?

Gbénró ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Kí n tó na ọwọ́ láti dì mọ́ ọn, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí òkúta dídán náà, láàárín àwọn tó ń ti ẹrù wọn kọjá.

"Gbénró, dìde, àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò, Bọ̀dá mi. Ọdún mẹ́fà ni àyà mi kò ti kan ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Al Nahda ní Sharjah ló ń gbé, níbi tí ilé gíga dúró ti ara wọn bí igi oko, tí owó ilé kò sì wọ́n tó ti Dubai. Ohun tó háyà kì í ṣe yàrá. Bẹdisípéèsì ni wọ́n ń pè é: ibùsùn nìkan lo ń sanwó rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà lórí ibùsùn alájà méjì mẹ́ta, Gbénró àti ará ilẹ̀ wa kan, pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà mẹ́rin. Ibùsùn ìsàlẹ̀ fi dírámù 100 wọ́n ju ti òkè lọ lóṣù. Òkè ni Gbénró ń sùn. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò gbádùn mọ́, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún nígbàkigbà tó bá ń gun àkàbà náà. Ó ti tọ́jú owó tó máa fi kó sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá kó jáde níparí oṣù. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ la fi rìn kúrò ní Sharjah wọ Dubai, torí títì kan péré ló pa ààlà. A wọ mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin tí kò ní awakọ̀, tí kò sí ẹni tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú rẹ̀. Ní Deira, a mu kárákì, tíì tí wọ́n fi mílíìkì sè títí tó fi pọ́n, a sì jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó gbóná. Dírámù mẹ́rin fún àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà la wọ ọkọ̀ ojú omi onígi tí wọ́n ń pè ní ábírà, dírámù kan ẹnì kan, tó gbé wa kọjá sí Bur Dubai níbi tí àwọn ọlọ́jà kọ̀ǹpútà wà.

Ará Pakistan ni ọkùnrin tí a kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbénró ń pè é ní "bhai", tí í ṣe "arákùnrin" lédè wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń sọ ọlọ́jà di ẹbí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lówó. Ọkùnrin náà wo ìwé Tèmi, ó wò mí, ó gbé àpótí kọ̀ǹpútà kan tó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ síwájú, iná pupa àti búlúù ń yí nínú rẹ̀.

"Ọmọbìnrin ni? Ẹ gbé èyí fún un. Ẹ wo iná!"

"Bhai," ni Gbénró wí, "ilé ìgbẹ̀bí lọmọ wa fẹ́ yà, kì í ṣe ilé ijó."

Ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín, ó gbé dúdú kan tí kò níná jáde, dírámù 120, a sì rà á.

Dírámù 1,500 ni mo kó lọ. Ní Bur Dubai la ti ra díìskì, ráàmù àti ẹ̀rọ tó ń pín iná, tuntun gbogbo wọn, torí Tèmi ti fa ìlà sábẹ́ wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti lò wọ́n rí. Prọ̀sẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti káàdì àwòrán ló gbà kí a ra àlòkù, nítorí náà ọ̀sán ọjọ́ kẹta bá wa ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ ní Sharjah, níbi tí wọ́n ti ń tú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì palẹ̀ bí ẹni ń tú adìyẹ. Ìwà kan wu mí níbẹ̀: wọn kì í gba owó rẹ kí wọ́n tó tan ọjà náà lójú rẹ. Mo ronú nípa àwọn tó ń fi nọ́ńbà fóònù ṣe ẹ̀rí fún wa nílé, tí nọ́ńbà ọ̀hún kì í sì í lọ mọ́ bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Bọ́ọ̀dù ló kù, owó mi sì ti fẹ́ tán. Àlòkù wà, dírámù 150. Agbára mi mọ níbẹ̀. Mo ti na ọwọ́ sí i nígbà tí Gbénró gba ìwé Tèmi lọ́wọ́ mi. Ó kà á sókè: "Bọ́ọ̀dù: tuntun, bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, Dádì, ẹ má dààmú." Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́jẹ́.

"Bọ̀dá mi, ọmọ wo ló ń kọ 'ẹ má dààmú' sínú ìwé ọjà? Ẹ jẹ́ kí ti bọ́ọ̀dù jẹ́ tèmi."

"Ibùsùn rẹ ńkọ́?"

"Èmi àti àkàbà yẹn ti mọ ara wa."

Mo fa ọwọ́ mi padà kúrò lára àlòkù náà. A padà sí Bur Dubai lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó sì san dírámù 290.

Orí ilẹ̀ yàrá náà la ti tò ó láti dán an wò, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní iná mànàmáná fún ọdún mọ́kànlélógún, ohùn ọmọ mi ni mo ń dúró dè kí n tó fi prọ̀sẹ́sọ̀ sí ojú rẹ̀. Ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í lọ dáadáa níbẹ̀, nítorí náà Tèmi ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ láti Òṣogbo: "Dádì, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bó bá jókòó fúnra rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn." Nígbà tí iná kékeré funfun náà tàn, àwọn ará Íńdíà mẹ́rin pàtẹ́wọ́. Gbénró gba ìró fáànù rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Tèmi. Èsì tó padà wá kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ẹkún àti ẹ̀rín ló wà níbẹ̀, n kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìgbà tí a ń dì í ni mo ṣe àṣìṣe mi, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Prọ̀sẹ́sọ̀, ráàmù, díìskì àti káàdì àwòrán yóò bá mi wọ bàálù. Àpótí náà, tí a fi bọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ tó ń pín iná sílẹ̀ nínú rẹ̀, yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́rù lọ. Ẹ sì mọ̀ wá. Àwa tí a ń ti òkèèrè bọ̀ kì í jẹ́ kí ohunkóhun rìn lófìfo. A ń ki ìbọ̀sẹ̀ bọnú bàtà, a ń ki aṣọ bọnú ìkòkò. Mo wo àyè tó wà nínú àpótí náà, ojú mi kò gbà á. Mo ká gèlè mẹ́rin tí mo rà fún ìyá Tèmi, mo kó wọn síbẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ fún ara mi pé yóò dà bí ìrọ̀rí fún bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà la dì í sínú páálí rẹ̀, mo sì fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁ ṢÍ I.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ló ni ilé akẹ́rù náà, ní Deira. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ó mọ ara rẹ̀. Arábìnrin tó wà nídìí tábìlì wọn páálí náà ní gígùn àti ní ìbú, ó ní bó tilẹ̀ fúyẹ́, ó gba àyè, àyè rẹ̀ ni màá sì san: kílò méjìdínlógún fún ẹrù tí kò ju mẹ́jọ lọ.

"Sístà, afẹ́fẹ́ ni mò ń sanwó rẹ̀ yẹn?"

"Dádì, bàálù kì í gbé afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i o."

"Ta ló fẹ́ ṣí i? Àwa náà ní iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹrù yín ni ẹrù wa."

Ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, Gbénró tún dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo dé, èmi àti Tèmi lọ gba páálí náà ní ọ́fíìsì wọn l'Ékòó. Kí a tó rí i la ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Téèpù tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Tèmi ṣí i lójú wọn. Gèlè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, wọ́n rin gbingbin. Láàárín wọn ni ìgò òróró lọ́fíńdà mẹ́sàn-án tí a kò mọ̀ rí wà, mẹ́ta ti fọ́. Òróró ti kún ojú ibi tí prọ̀sẹ́sọ̀ ń jókòó sí, àfọ́kù ìgò sì ti ha àwọn ìlà wẹ́wẹ́ orí bọ́ọ̀dù náà títí wọ́n fi já.

Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ kò dìde. "Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ ni gèlè?"

"Èmi ni."

"Ẹ rí i? Àpótí tí ẹ bá ti kó aṣọ sí, ó ti di àpò. Bí àyè bá wà nínú àpò, a máa ń lò ó. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀."

"Mo sanwó àyè yẹn."

"Ẹni tó ni lọ́fíńdà náà sanwó."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìṣirò fún mi. Àyè kan náà ni wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó lanu, ó ti kó ìgò mẹ́fà tó kù sínú ọ̀rá, ó gbé wọn sẹ́yìn. Ti ẹni yẹn ni wọ́n tọ́jú.

Tèmi kò bá wọn jà. Ó gbé àpótí náà lé itan rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Èkó títí dé Òṣogbo. Nílé, ó fi sípíírìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù ún fún ọjọ́ méjì. A kó gbogbo ẹ̀yà sí i, a tẹ bọ́tìnì. Kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, "Dádì, ẹ má dààmú. Ó kéré tán, ilé wa ń ta sánsán." Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lọ ya ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìwàásù kan.

Nígbà tí Gbénró gbọ́, ohùn tó fi ránṣẹ́ kò gùn: "Bọ̀dá mi, màá ra òmíràn fún un. Ibùsùn òkè yìí náà kò burú." Mo gbọ́ àkàbà náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò yìí ni pé àyè tó ṣófo nínú ẹrù ẹni kì í ṣe àṣedànù, ìdáàbòbò ni, mo sì kọ́ ọ pẹ́. Ṣùgbọ́n gèlè mi kò fọ́, kò sì ha ohunkóhun. Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ sí ọ́fíìsì wọn ní Deira àti l'Ékòó. Wọn kò fèsì sí ọ̀kankan. Nítorí náà mo ń bi wọ́n níhìn-ín, lójú gbogbo ènìyàn: ta ló já téèpù wa, ta ló ka "Ẹ má ṣí i" tó sì ṣí i, ta ló sì gba owó àyè tí mo ti rà? Mo fẹ́ bọ́ọ̀dù tuntun fún ọmọ mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ń gun àkàbà lálaalẹ́ nítorí rẹ̀. Èmi ti jẹ́wọ́ gèlè mẹ́rin. Kí àwọn náà jáde wá jẹ́wọ́ ìgò mẹ́sàn-án.