Ilẹ̀ Tó Móoru Nílé Ọkọ Monílọ́lá

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Omi ni ejò ti Monílọ́lá. Odò ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ti wọlé bá a lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé àga, ó gbé fíríìjì, ó gbé àwòrán ìgbéyàwó òun àti Ọlọ́runníyì, ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni obìnrin yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, eékún rẹ̀ kò sì gba òtútù mọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ńṣe ló máa ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó wá pinnu pé ibi tó móoru, tí omi kò lè dé, tí ìjì kò lè ṣí òrùlé rẹ̀, ni òun yóò ti lo ìyókù ayé òun.

Ẹ má rò pé ilé wíwá tirẹ̀ dà bíi tèmi tìrẹ o. Bó bá dé yàrá, á bọ́ bàtà, á fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, á fọwọ́ pa ara ògiri bóyá omi ti fàlà síbẹ̀ rí. Ní Ìjàpó, ó bá ìlà náà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí onílé rọra gbé dí i. Ní Ìta-Ògbólú, páànù tuntun lórí ilé àtijọ́ kò tàn án jẹ: ìjì ti ṣí ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Ìpogun, ilẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Fìyìnfólúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní, “Màmá, ọ̀run nìkan ló kù tí ẹ ò tíì yẹ̀ wò.” Màmá kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni Adépọ̀jù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, pè é láti Oǹdó. “Ìyàwó, kí lo ń wá kiri? Ilé ọkọ rẹ ń bẹ.” Orí òkè ni ilé náà wà, ó sì ti ṣófo láti ìgbà tí wọ́n ti sin Ọlọ́runníyì síbẹ̀. Ògiri gbẹ. Páànù ti dípẹtà, síbẹ̀ kò sí èyí tó mì. Nígbà tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, ó dúró. Ilẹ̀ náà móoru, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ lóde! Ọjọ́ náà gan-an ló ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun síbẹ̀.

Ara tù ú, eékún dákẹ́. Àràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ níwájú sàréè kan ṣoṣo tó rí nílé náà, èyí tí wọ́n fi táìlì bò ní pálọ̀, á ní, “Bàbá Fìyìn, ẹ káàárọ̀ o.” Kò bá wọn dé ìdí ihò nígbà ìsìnkú, wọn kì í jẹ́ kí opó rí i, inú yàrá iwájú ni wọ́n ní kó jókòó sí títí wọ́n fi bo ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Bó bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó bá ti ọjà dé, apá kan á ti rì láti ìrọ̀rí dé ìdí ẹsẹ̀, aṣọ ibẹ̀ á sì móoru. Ó ní ológbò àdúgbò ni. Ológbò wo ló ga tó bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Adépọ̀jù yà, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyàwó, bàbá wa lò ń kí yẹn! Bàbá ọkọ rẹ lò ń pè ní Bàbá Fìyìn!”

“Níbo wá ni ọkọ mi wà, sà?”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Adépọ̀jù. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. “Mo ṣebí o mọ̀ ni. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó o fi yan ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká gbẹ́ sàréè òun fẹ̀, kó gba ẹni méjì, pé o kì í lè dá sùn nínú òtútù.”

Ẹ̀rù ba Monílọ́lá dé egungun. Kíá ló ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun lọ sí yàrá iwájú, èyí tó jìnnà jù, tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù ju ti Ìpogun lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó pe Fìyìnfólúwa lórí fóònù pé kó wá mú òun.

“Ṣé omi wọlé ni, Màmá?”

“Rárá.”

“Àbí ìjì jà?”

“Rárá.”

“Kí ló wá dé?”

Monílọ́lá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó bọ́ bàtà. Ilẹ̀ tó tutù nígbà tó wọlé ti ń móoru, láti ẹnu ọ̀nà wá, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, àmọ́ àárò ọkọ rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.