Onígìtá Tí Kò Kí Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, olórin tó bá dé ilé èèyàn tí kò dárúkọ onílé, aláìlẹ́kọ̀ọ́ là ń pè é. Ibẹ̀ ni wàhálà Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀.

Òyìnbó Jámánì kan tó wá ṣe títì ládùúgbò wa ló fún un ní páálí àwo orin kan nígbà tó ń padà sílé. Gìtá ni gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọrin. Lára èèpo ọ̀kan, àwòrán onígìtá náà wà níbẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹun yó. Aṣọ òkè ni Bàbá ń hun. Ó ní bí gìtá yẹn bá ti ń dún, ọwọ́ òun á máa yá lórí òfì. Ó fẹ́ràn àwọn àwo náà gan-an.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, wé gèlè, ó so owó mọ́ etí ìró, ó jókòó ti rédíògíráàmù tí Bàbá fi ń lu àwo. Àwo parí, wọ́n yí i padà, ó tún parí.

Ó ní, "Ọkùnrin yìí ti wà nílé wa láti àárọ̀, kò kí ẹnì kankan. Tó bá di Jímọ̀ tí kò kí mi, màá fi àwo rẹ̀ dé ìkòkò."

Ògì ló ń tà, ìkòkò rẹ̀ sì pọ̀ ju àwo Bàbá lọ. Bàbá kàn ń nu àwọn àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìyá mi ní kí n fọ abọ́. Abẹ́ tábìlì rédíògíráàmù ni mo gbà lọ, aṣọ tábìlì bò mí, òórùn káńfọ̀ kún mi nímú. Bí gìtá ṣe ń dún, mo fi imú kọrin bí òyìnbó pé: "Àbẹ̀kẹ́ ológì funfun, ẹ kúulé o."

Ìyá Àgbà dìde, ó jó, ó lẹ owó mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló ká aṣọ tábìlì sókè, ó lẹ èyí tó kù mọ́ mi níwájú orí.

Ó ní, "Ọmọ Jámánì, abọ́ ṣì wà nílẹ̀."

Kò dárúkọ ìkòkò mọ́. Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí sábẹ́ tábìlì.

Lóde òní, inú fóònù ni olórin ń gbà wọlé, oníkálukú á ki í bọ etí, kò sẹ́ni tó ń retí kó kí ilé. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi rí àwo yẹn lórí fóònù rẹ̀, tọkọ̀ tẹ̀rín. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ orin náà. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. Gìtá ń dún lọ, ó dé ibi tí mo ti máa ń pe Àbẹ̀kẹ́, ó kọjá. Omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ mi ní, "Màmá, kí ló dé?"

Mo ní, "Dá a padà sẹ́yìn. Kò tíì kí Ìyá Àgbà."