Ẹni Tó Ka Ewé Páìnì

Láwùmí, ìyá Olúdọ̀tun, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ igi páìnì tó o ní ọgbà irúgbìn tí a ti jọ ṣiṣẹ́ ní Jericho. Ìgbẹ́tì ni wọ́n bí i sí, Agbowó ló ń gbé. Èmi Sùrájù ni akọ̀wé ibẹ̀. Èmi ni mo ń táípù lẹ́tà fún ọ̀gá wa, Dókítà Gbádérọ̀.

Ní 1982, irúgbìn páìnì kan dé láti òkè òkun. Ìwé tó wà lára àpò rẹ̀ ní páìnì ilẹ̀ gbígbóná ni, irú èyí tí a ti ń gbìn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó lé lọ́dún kan, Láwùmí já ewé tuntun àti ti àtijọ́ wá sí ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò ó. Páìnì wa àtijọ́, ewé mẹ́ta-mẹ́ta ló ń hù pọ̀ lójú kan, ó sì gùn. Tuntun yìí, méjì-méjì ni, ó kúrú, ó le. Kò fẹ́ ga rárá, ẹ̀ka ló ń yọ kiri nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká ká imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ṣíji bò ó kúrò bí ẹ ṣe ní ká ṣe. Oòrùn á pa á.”

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Páìnì fẹ́ oòrùn. Lọ ká a kúrò!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ọ̀gá lè rí i pé tirẹ̀ ni mò ń ṣe. Títí dòní, ojú ẹ̀rín yẹn ń tì mí.

Láwùmí ká imọ̀ náà kúrò. Kí oṣù kejì tó pé, gbogbo páìnì tuntun náà ti gbẹ. Dókítà ní Láwùmí ni kò bomi rin ín. Irọ́ gbuu! Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a pẹ̀lú garawa kí n tó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì. Síbẹ̀, èmi ni mo táípù lẹ́tà tí wọ́n fi lé e lọ lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dókítà gbé ìwé kan fún mi, èyí tó fẹ́ kà níwájú àwọn onímọ̀ igi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé páìnì orí òkè olótùútù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa: ewé rẹ̀ méjì-méjì, ó kúrú, ó le, igi rẹ̀ kì í ga. Ó ní òun fúnra òun lòun ṣàkíyèsí rẹ̀. Bàdírátù ọmọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta wà lọ́rùn mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo táípù rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo pàdé Láwùmí ní Ojoo, níbi tó ti ń ta èédú. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi.

“Bàbá Bàdírátù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti ka ewé yẹn? Tí wọ́n bá kà á, wọ́n á mọ̀ pé n ò jẹ̀bi. Wọ́n lè pè mí padà.”

Mi ò lè wojú rẹ̀. “Kò tíì sẹ́ni tó kà á, ìyá Olúdọ̀tun.”

“Ẹ ṣáà máa bá mi rán wọn létí.” Ó bu èédú kún ọ̀rá kan, ó ní kí n mú un lọ fún ìyàwó mi, òun ò gbowó. Mo sì gbà á.