Mo-ti-mọ̀ àti Ìpín Ìyàwó Rẹ̀

Mo-ti-mọ̀ ni àdúgbò ń pe ọkọ onídìrí, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí tí kì í sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé, onídìrí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Iye owó ìpín ilé-iṣẹ́ tó ti ń rà díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo iye náà lórí fóònù, ó figbe ta:

“Ó ti tán! Tà á kíá!”

Ìyàwó gbọ́ràn, ó tà á ní owó pọ́ọ́kú.

Kò pẹ́ ni ìjọba kéde pé àwọn yóò ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Òpópónà ṣì dá páropáro, aláìsàn ṣì kún ilé ìwòsàn, àmọ́ iye owó ìpín fò sókè bí ẹni tí kò gbọ́ pé òkú ń sùn.

Mo-ti-mọ̀ na ẹsẹ̀ sórí àga. “Mo ti mọ̀ pé ìjọba á dá sí i.”

“Bàbá ọmọ mi, nígbà tí ẹ mọ̀, ṣé wọ́n di yín lẹ́nu ni?”

Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìdókòwò ò lè yé obìnrin.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Láti ọjọ́ náà, kò ra ìpín kankan, kò sì tà, láìkọ́kọ́ bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Tó bá ní kó rà, á tà. Tó bá ní kó tà, á rà. Ó sì ń jèrè.